Bísímíláì Orí Ìṣó

Ìwé méjì ni Ìnísípẹ́kítọ̀ Ọdúntán tẹ́ sórí tábìlì ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ó fi ìka kan ọ̀kan, ó fi kan èkejì, bí alápatà tó ń fi ẹran han oníbàárà.

"Màmá, ẹ fojú ara yín rí i. Ìwé tí àwọn tó ń yẹ òògùn wò fún ọmọ yìí láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyí. Nọ́ńbà mẹ́rin: 417, 422, 430, 438. Òògùn tó bàjẹ́ ni gbogbo wọn, wọn ò gbọdọ̀ jáde. Fáìlì tí òun alára fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà sì nìyí: 422, 430, 438. Ẹ wá sọ fún mi, ta ló jẹ 417? Ewúrẹ́?"

Rẹ̀mílẹ́kún Fásanmí ò wo ìwé. Ọmọbìnrin tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn káńtà ló ń wò. Adétutù lorúkọ ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ojú ẹ̀ ti wú. Bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ẹsẹ̀ kejì wà nílẹ̀ ní òfìfo, ó sì ń fi èyí tó wọ bàtà bo èyí tí kò wọ̀ ọ́ mọ́lẹ̀, bíi pé ìtìjú bàtà ló kù tó ń dùn ún jù láyé.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Kòkódire ni ilé-iṣẹ́ tí Adétutù ń bá ṣiṣẹ́ nílùú Iléṣà. Òògùn tí àgbẹ̀ fi ń fín kòkó ni wọ́n ń tà. Láràárọ̀, akọ̀wé á tẹ nọ́ńbà òògùn tó bá bàjẹ́ sínú fáìlì, ìlà kan fún nọ́ńbà kan. Ètò tí wọ́n kọ sínú kọ̀ǹpútà á ka fáìlì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, á sì tẹ lísìtì jáde sórí ìwé. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí ni lísìtì yẹn ń lọ. Nọ́ńbà tó bá wà lórí ẹ̀ ò ní jáde. Èyí tí kò bá sí lórí ẹ̀, ó ti bọ́ sọ́nà nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 417 ò sí lórí ẹ̀. Kí aago mẹ́wàá tó lù, kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ti dé Ẹ̀sà-Òkè. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, Bàbá Ọlámijù tó fi í fín oko ti ṣubú sábẹ́ igi kòkó, ìfófòó lẹ́nu. Òní ti di Jímọ̀, bàbá náà ò tíì lajú ní ọsibítù.

"Ṣọ́ọ̀bù tó sì gba kẹ́ẹ̀gì náà," Ọdúntán fi kún un, ó rọra sọ ọ́ bí ẹni tó gbé eegun tó tóbi jù lọ pa mọ́ dé ìgbẹ̀yìn, "ti ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ ni. Ẹrù ti tán ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Ó yọ nọ́ńbà kan kí ẹrù lè tètè dé. Kò sí àdììtú kankan níbẹ̀. Aago méjì ọ̀sán la máa gbé e dé kóòtù. Bí bàbá yẹn bá sì kú kó tó dìgbà náà, ẹ̀sùn ìpànìyàn ni."

Rẹ̀mílẹ́kún wo aago ògiri. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́sàn-án lù.

"Adétutù."

"Mà."

"Má sunkún sí mi lára, mo wọ aṣọ tuntun. Ṣé o tẹ 417?"

"Mo tẹ̀ ẹ́, mà. Òun ni mo kọ́kọ́ tẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ mi nìyẹn nídìí iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á kí n tó bọ́ sórí èkejì."

"Kí ló wà lókè ẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan, mà. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀."

"Ta ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀?"

"Àǹtí Nọ́síràtù. Ìrọbí mú wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ni wọ́n bá ní kí n dúró fún wọn."

Ọdúntán rẹ́rìn-ín. "Màmá, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Fáìlì kì í purọ́."

"Fáìlì kì í purọ́?" Rẹ̀mílẹ́kún gbé báàgì kọ́ èjìká. "Ọmọ mi, ọdún méjìdínlógún ni mo fi ṣe akọ̀wé ní Àbẹ̀rẹ̀. Fáìlì tó máa ń purọ́ jù ni èyí tó bá mọ́ tónítóní."

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ní Àbẹ̀rẹ̀, ibùjókòó ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, nígbà náà. Bí ìwé bá sọnù ní ọ́fíìsì ìjọba, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè, òun náà á sì wá ìwé kàn, á wá ẹni tó gbé e pa mọ́ kàn, á sọ ìdí tó fi gbé e pa mọ́, gbangba, lójú ọ̀gá. Ohun tó mú kí wọ́n tètè fún un ní rìtáyà nìyẹn. Ó padà sí Òṣogbo, ó kọ "Aṣèwádìí" sára ilẹ̀kùn pálọ̀, ó sì ń jẹun níbẹ̀. Kò kọ́ ọ níléèwé kankan. Ìyá Adétutù ló lọ kúnlẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn yẹn lánàá.

*

Alájì Rájí ló ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó wọ jalabíà funfun tó ti múra Jímọ̀ sílẹ̀ láti àárọ̀. Láti òwúrọ̀ Ọjọ́rú ni ọlọ́pàá ti ti ibẹ̀ pa, kò sí òògùn tó wọlé, kò sí èyí tó jáde.

"Níhìn-ín ni wọ́n ti wọ́ ọmọ náà lọ," ó wí. Ó nawọ́ sí orí pẹpẹ. Bàtà ẹsẹ̀ kan wà níbẹ̀, wọ́n nù ún mọ́. "Mo ní tó bá dé, kó bá a."

"Ẹ rò pé á dé, Alájì?"

"Ọlọ́run ló mọ̀. Èmi mọ̀ pé ọmọ tó ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀ ò ní fi májèlé ránṣẹ́ sí bàbá ẹlòmíì."

"Lísìtì ọjọ́ Ìṣẹ́gun dà?"

Ìṣó gígùn kan wà lára òpó. Lísìtì ọdún mẹ́rin ló gún jọ sórí ẹ̀ bí ẹran súyà. Èyí tó wà lókè pátápátá ni ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun: 422, 430, 438. Rẹ̀mílẹ́kún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, sẹ́yìn, sẹ́yìn. Ọjọ́ Ajé, Jímọ̀ tó kọjá, oṣù tó kọjá, ọdún tó kọjá. Ọwọ́ ẹ̀ yára bíi tẹni tó ń ka báńdù owó. Lójijì ó dúró.

"Alájì, kí ni mò ń rí yìí?"

Ìwé àtijọ́ kan ni. Lókè pátápátá, ṣáájú nọ́ńbà èyíkéyìí, wọ́n tẹ BÍSÍMÍLÁÌ síbẹ̀. Ó ṣí òmíràn lábẹ́ ẹ̀. Bísímíláì. Òmíràn. Bísímíláì.

Rájí rẹ́rìn-ín, ojú ẹ̀ rọ̀. "Áà! Nọ́síràtù nìyẹn. Kò sí ohun tí ìyẹn ò fi Bísímíláì bẹ̀rẹ̀. Tó bá fẹ́ bu omi mu, Bísímíláì. Ìlà àkọ́kọ́ nínú fáìlì ló máa ń tẹ̀ ẹ́ sí, ẹ̀rọ á sì tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe rí. Bí mo bá ti gba ìwé, èmi náà á kà á kí n tó ṣílẹ̀kùn."

"Kí ló dé tí kò sí lórí àwọn tòkè?"

Ẹ̀rín kúrò lójú bàbá náà. Ó wo ẹnu ọ̀nà kó tó fèsì.

"Ó ti tó ọdún méjì. Ilẹ̀ ọjọ́ kan mọ́, a ò rí i mọ́. A rò pé ọ̀gá ló ní kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ ẹ̀ mọ̀, díkónẹ́ẹ̀sì ni wọ́n. Mi ò bi wọ́n o. Ara ilé kan náà ni wá níbí, mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn dá wàhálà sílẹ̀. Nọ́síràtù náà ò bi wọ́n. Ó kàn sọ fún mi pé, 'Alájì, bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n máa yọ ọ́ lọ́hùn-ún, èmi ò ní ṣíwọ́ títẹ̀ ẹ́ níhìn-ín.'"

"Títí di ọjọ́ Ajé tó kọjá yìí?"

"Títí di ọjọ́ tí ìrọbí mú un."

Rẹ̀mílẹ́kún yọ lísìtì mẹ́ta kúrò lórí ìṣó: èyí tó ní Bísímíláì gbẹ̀yìn, ti ọjọ́ Ajé, àti ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ká wọn sínú báàgì, ó sì gba ọ́fíìsì ọ̀gá lọ bí ìjì.

*

"Èmi?" Díkónẹ́ẹ̀sì Fọláránmi dìde lórí àga. "Kí èmi yọ orúkọ Ọlọ́run kúrò lórí ìwé? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ta ló lẹ́nu ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó lẹ́nu ẹ̀, ohun tó mú un pé ọdún méjì nìyẹn. Ṣé ẹ yọ ọ́ àbí ẹ ò yọ ọ́?"

"Mi ò yọ ọ́! Bàbá tó bí mi, Alájì ni. Mo rò pé ó ti sú Nọ́síràtù ni. Mi ò bi í, kó má baà rò pé mò ń bá a du ẹ̀sìn."

"Ẹ kú sùúrù o. Ọdún méjì gbáko, gbogbo yín ń fi ọ̀wọ̀ fún ara yín, kò sẹ́ni tó yanu." Rẹ̀mílẹ́kún tẹ́ ìwé àtijọ́ náà síwájú ẹ̀. "Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ni èyí tó gbẹ̀yìn. Ta ló ń ṣètò kọ̀ǹpútà yín nígbà náà?"

Ọ̀gá náà ronú. "Bàbá Awóníyì ló kọ ètò náà látìbẹ̀rẹ̀. Ó fẹ̀yìn tì ní ìparí oṣù kejì ọdún yẹn, ó padà sí Òṣú. Olúwatósìn ló gba ipò ẹ̀."

"Ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì lórí iṣẹ́," ni Rẹ̀mílẹ́kún ń sọ fún ara ẹ̀, "Bísímíláì sì ti kó kúrò nílé."

*

Yàrá Olúwatósìn tutù bíi fìríìjì. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, irùngbọ̀n rẹ̀ gún régé, ó sì ti gbé àga fún Rẹ̀mílẹ́kún kó tó wọlé tán.

"Ó dùn mí gan-an, mà. Ọmọ dáadáa ni Tutù. Ṣùgbọ́n ohun tó bá tẹ̀ ni ètò máa kà."

"Ètò náà ò lè fo ìlà kan?"

"Kò lè fò ó. Ó ń ka ìlà kan, ó ń tẹ̀ ẹ́ jáde, á yí padà wá ka òmíràn, títí fáìlì á fi tán. Bó ṣe ń yí po nìyẹn. Ọmọ kékeré ló máa ń fo ìlà, mà, ẹ̀rọ kì í fò ó."

"Déètì tí fáìlì yẹn jáde sì jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Ẹ wò ó, mà. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlá."

"Ọwọ́ ta ni aago kọ̀ǹpútà yìí wà?"

Ojú ẹ̀ ṣẹ́ díẹ̀. "Ọwọ́ mi."

"Ẹni tí aago wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló lè yí i. Ó dáa. Ìgbà wo lo fọwọ́ kan ètò yẹn gbẹ̀yìn?"

"Mo tún un ṣe díẹ̀ nígbà tí mo dé. Láti ìgbà náà, ọdún méjì, mi ò fọwọ́ kàn án."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Mo lè búra, mà."

"Má búra, ẹnu dùn. Kọ ọ́." Ó ti tẹ́ ìwé kan síwájú ẹ̀. Olúwatósìn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọ ọ́, ó buwọ́ lù ú, ó tiẹ̀ fa ìlà sábẹ́ orúkọ ẹ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. "Fáìlì tí Nọ́síràtù ń tẹ̀ ńkọ́, ṣé o máa ń ṣí i wò?"

"Kí ni mo fẹ́ wò nínú ẹ̀? Nọ́ńbà ni gbogbo ẹ̀. Ètò ló ń kà á, mà, èmi kọ́."

*

Aago mọ́kànlá ti kọjá kí ọ̀kadà tó já a sí iwájú ilé Bàbá Awóníyì ní Òṣú. Bàbá náà jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa obì sínú apẹ̀rẹ̀, dígí ojú ẹ̀ wà ní ṣóńṣó imú.

"Rẹ̀mí! Rẹ̀mí ti Àbẹ̀rẹ̀! Ta lo tún fẹ́ mú?"

"Bàbá, bóyá ẹ̀yin ni. Ètò tí ẹ kọ fún Kòkódire ń pa èèyàn."

Ọwọ́ bàbá náà dúró lórí obì. "Ètò mi? Ètò mi ò pa eṣinṣin rí."

Rẹ̀mílẹ́kún ro gbogbo ẹ̀ fún un, kíákíá, ìwé mẹ́ta náà nílẹ̀ láàárín wọn. Bàbá Awóníyì ò wo ìwé náà pẹ́. Ó to obì mẹ́rin sórí ẹní, obì kan fún ìlà kan.

"Wo ọwọ́ mi. Ọ̀nà méjì ni ètò lè gbà ka fáìlì. Tèmi rèé. Bàbá mi kiri aṣọ débi tí Ìjẹ̀ṣà kì í dé, kò sì sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni rí láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ yọjú wò bóyá ènìyàn wà nílé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ ètò. Mo mú obì àkọ́kọ́ níta, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí po. Mo wò ó: ṣé obì wà lọ́wọ́ mi? Ó wà. Mo wọlé sínú yíyípo náà. Mo ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, mo jù ú sápẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí mo ṣe tán ni mo tó mú òmíràn, mo tún yí padà lọ wò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ 'kà': ẹ̀ẹ̀kan níta, ẹ̀ẹ̀kan nísàlẹ̀ inú ilé."

"Àwọn ọmọ ìwòyí ńkọ́?"

"Wọn kì í mú nǹkan kan níta. Wọ́n á wọlé lọ́wọ́ òfìfo. Ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ ṣe nínú ilé ni kí wọ́n mú obì. Tó bá ti tán, wọ́n jáde. Tí kò bá tán, wọ́n ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n kọ 'kà'. Ó kúrú, ó mọ́. Kò burú."

"Ẹ ní kò burú?"

"Ojú ọ̀nà méjì ló wọ ọjà, Rẹ̀mí. Kí n purọ́ mọ́ ọmọdé nítorí pé kò gba tèmi? Nígbà tí Tósìn fẹ́ gba iṣẹ́, ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Bàbá, kí lẹ ń ka nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì fún, ṣé ẹ fẹ́ kà á sórí ni?' Ó ní òun máa tún un ṣe."

"Tó bá fẹ́ sọ tiyín di tiẹ̀, kí ló máa ṣe?"

"Á gbé èyí tó wà nísàlẹ̀ lọ sókè inú ilé. Á sì yọ èyí tó wà níta."

"Tó bá wá gbàgbé èyí tó wà níta?"

Bàbá Awóníyì tún to obì mẹ́rin náà sórí ẹní. Ó mú obì àkọ́kọ́. Ó gbé ọwọ́ wọ ibi tó pè ní ilé. Kó tó wo ohun tó wà lọ́wọ́, ọwọ́ kan náà na síwájú, ó mú obì kejì. Obì àkọ́kọ́ bọ́, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ àpótí. Ó ju ìkejì sápẹ̀rẹ̀, ó ju ìkẹta, ó ju ìkẹrin.

Àwọn méjèèjì ń wo abẹ́ àpótí.

"Àkọ́kọ́ nìkan?" Rẹ̀mílẹ́kún bi í, ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Àkọ́kọ́ nìkan. Lójoojúmọ́. Ìyókù á pé pérépéré. Kò sí ojú tó máa tètè rí i."

"Bísímíláì."

"Ìwọ, ọmọ ilé Áńgílíkà? Láti ìgbà wo?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó má bọ́. Láti ọdún méjì ni ètò yẹn ti ń gbé ìlà àkọ́kọ́ mì. Ìlà àkọ́kọ́ sì ni Bísímíláì Nọ́síràtù. Láràárọ̀, àdúrà yẹn ló ń gba ìyà dípò òògùn! Kò sí nọ́ńbà tó sọnù, nítorí náà kò sẹ́ni tó pariwo. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tí fáìlì wọlé láìsí àdúrà lókè ẹ̀. 417 ló wà níbẹ̀. Ó sì gbé e mì."

"Ṣùgbọ́n o ní 417 ò sí nínú fáìlì."

"Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹnìkan yọ ọ́ lẹ́yìn tí àgbẹ̀ ti ṣubú, kó lè dà bíi pé ọmọ yẹn ò tẹ̀ ẹ́ rárá. Ẹ wá gbọ́. Ká ní ètò náà ṣì ń gbé ìlà mì, tí fáìlì sì jẹ́ 422, 430, 438, kí ló máa jáde?"

"430 àti 438."

"Lísìtì tó wà lórí ìṣó sì ní 422. Ẹni tó yọ 417 rí ìyẹn náà. Ó ní láti wo ètò sàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà kí ìwé àti fáìlì lè bára mu. Bí kò bá wò ó sàn, fáìlì ọjọ́ Ìṣẹ́gun á mú un. Bó bá sì ti wò ó sàn…" Ó gbé lísìtì ọjọ́ Ajé sókè, èyí tí kò ní Bísímíláì. "Èyí á mú un."

Fóònù ẹ̀ dún. Ọdúntán ni.

"Màmá, wọ́n pè mí láti ọsibítù. Èémí bàbá yẹn ti yí padà. Ọ̀gá mi ní kí n má dúró dìgbà aago méjì. A ti ń gbé ọmọ náà sọ́kọ̀."

"Ìnísípẹ́kítọ̀! Ẹ gba ẹnu ọ̀nà Kòkódire kọjá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré."

"Màmá, mi ò lè…"

"Tí mo bá ṣìnà, ẹ ti èmi náà mọ́lé. Mi ò sanra, ibùsùn kan á gba èmi àti ọmọ náà." Ó pa fóònù. "Bàbá, ọ̀kadà dà?"

*

Nígbà tó dé, ọkọ̀ ọlọ́pàá ti wà lẹ́nu géètì, ẹ́ńjìnì ẹ̀ ń kùn. Wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ Adétutù. Alájì Rájí dúró lójú oòrùn, ó ń wo ọmọ náà, ó ń wo aago. Ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ni àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń tọ̀ lọ.

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá," Ọdúntán wí.

"Márùn-ún ti pọ̀ jù."

Gbogbo wọn kún yàrá tútù náà: ọ̀gá, Ìnísípẹ́kítọ̀, Adétutù, Rájí. Olúwatósìn dìde.

"Jókòó, Tósìn. Iṣẹ́ kékeré ni mo fẹ́ kó o bá mi ṣe. O kọ ọ́ fún mi láàárọ̀ pé o ò fọwọ́ kan ètò yìí láti ọdún méjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ètò tó tẹ lísìtì ọjọ́ Ajé náà ló wà nínú kọ̀ǹpútà yìí títí di ìsìnyí?"

"Òun náà ni."

"Fáìlì ọjọ́ Ajé ńkọ́, ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án?"

"Rárá. Nọ́síràtù ló tẹ̀ ẹ́, bó ṣe fi í sílẹ̀ ló wà."

"Ó dáa. Tún lísìtì ọjọ́ Ajé tẹ̀ jáde fún Ìnísípẹ́kítọ̀."

Olúwatósìn gbọn èjìká. Ọjọ́ Ajé? Kò sí wàhálà kankan lọ́jọ́ Ajé. Ó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà ní igun yàrá kùn díẹ̀, ó dákẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ìwé jáde díẹ̀díẹ̀.

Rájí ló sún mọ́ ọn jù. Ó tẹrí ba wò ó. Ẹnu ẹ̀ là.

"Bísímíláì!"

Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó ń kà á ni tàbí ó ń ṣe é.

Rẹ̀mílẹ́kún fa ìwé náà yọ, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó yọ lórí ìṣó. Ọjọ́ kan náà, fáìlì kan náà. Èyí tó jáde lọ́jọ́ Ajé ò ní Bísímíláì. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yìí ní in, gàdàgbà, lókè.

"Ìnísípẹ́kítọ̀, ẹ wò ó. Lọ́jọ́ Ajé, ètò yìí gbé ìlà àkọ́kọ́ mì. Lónìí, kò gbé e mì mọ́. Ta ló wò ó sàn? Ẹni tó ní òun ò fọwọ́ kàn án láti ọdún méjì? Ìwé tó buwọ́ lù rèé, ó tiẹ̀ fa ìlà sábẹ́ ẹ̀."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, kọ̀ǹpútà máa ń…"

"Má dárúkọ kọ̀ǹpútà fún mi! Bàbá Awóníyì ń kà níta kó tó wọlé. Ìwọ ń kà nínú ilé. O gbé tiẹ̀ wọlé, o gbàgbé èyí tó kọ sílẹ̀ níta. Àṣìṣe ni, kò sẹ́ni tí kì í ṣe é. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ìròyìn dé pé àgbẹ̀ ṣubú, o ṣí ètò, o rí i. Kí lo wá ṣe?"

Olúwatósìn ń wo ọwọ́ ara ẹ̀.

"Mo ní kí lo ṣe!"

"Ẹ̀rù bà mí." Ohùn ẹ̀ ò ju ti yànmùyánmú lọ. "Mo yọ ìlà tó wà níta. Mo… mo yọ 417. Mo dá aago padà sí àárọ̀. Mo rò pé wọ́n kàn máa dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ ni. Mi ò mọ̀ pé ọlọ́pàá máa wá."

"Nígbà tí wọ́n wá, tí wọ́n ń wọ́ ọ lọ tí bàtà ẹ̀ bọ́, ṣé o ò mọ̀ nígbà yẹn?"

Adétutù ò sunkún. Ó ń wo Olúwatósìn bí ẹni tó ń ka nǹkan kan lẹ́ẹ̀mẹta kó tó bọ́ sórí èkejì.

Ọdúntán mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kúrò lọ́wọ́ kan, ó bọ́ sí ọwọ́ mìíràn.

"Ohun tó ń dùn mí fún ẹ," Rẹ̀mílẹ́kún wí, bí wọ́n ṣe ń mú Olúwatósìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, "ni pé ká ní o ṣí fáìlì Nọ́síràtù wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ọdún méjì, ò bá ti rí Bísímíláì. Ò bá kàn fi òun náà dí ibi tí o ti yọ 417, kó o fi ètò sílẹ̀ bó ṣe wà. Gbogbo ẹ̀ ì bá bára mu, ọmọ yìí ì bá ṣẹ̀wọ̀n, èmi ì bá sì máa bá yín wá a kiri títí di ọ̀la. Ṣùgbọ́n ìwọ náà ò ka ìlà àkọ́kọ́."

*

Ọkọ̀ ọlọ́pàá lọ. Aago méjì kù díẹ̀. Alájì Rájí ti pàdánù Jímọ̀, kò sì jọ pé ó dùn ún. Ó wọ ilé ìkẹ́rùsí, ó gbé bàtà ẹsẹ̀ kan náà jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ tó tó ọmọ-ọmọ ẹ̀, ó gbé e síwájú ẹsẹ̀ ẹ̀.

"Alájì, ẹ má bẹ̀rẹ̀ fún mi," Adétutù wí. Ẹkún wá dé wàyí.

Fóònù ọ̀gá dún. Ọsibítù ni. Díkónẹ́ẹ̀sì Fọláránmi gbọ́, ó mi orí, ó tún gbọ́.

"Kò tíì lajú," ó wí, "ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀ pè é, ó sì di ọwọ́ ọmọ náà mú."

"Ẹ jẹ́ n lọ bá wọn ní ọsibítù, mà," Adétutù wí. "Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé mo tẹ̀ ẹ́."

Rájí ti gba ìwé tuntun ọjọ́ Ajé lọ́wọ́ Rẹ̀mílẹ́kún. Ọwọ́ kan ló fi di òpó mú, ó fi èkejì gún ìwé náà sórí ìṣó, lókè gbogbo àwọn tó kù, ó sì ka ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ sókè.

"Àmín," ni díkónẹ́ẹ̀sì dá a lóhùn.